Ìbéèrè Yín Lórí Júù àti Kìrìsìtẹ́nì: Ta Ló Pa Jésù, Ta Ló Yẹ Kó Tọrọ Àforíjì?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin olùkà wa. Lóṣù tó kọjá mo kọ ọ́ síbí pé Júù ni wọ́n bí Jésù, Júù ló sì jẹ́ títí tó fi kú. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn á mú kí lẹ́tà wọlé tó báyìí, àwọn kan dúpẹ́, àwọn kan bínú, àwọn kan ní kí n ṣàlàyé ara mi. Mo mú mẹ́fà nínú wọn, mo gé àwọn tó gùn kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ kúrò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé tíṣà BK ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì kọ́ àwọn ọmọdé ní Sunday School fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ tá a bá dé ìsàlẹ̀.

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni mo wà, iṣẹ́ care ni mò ń ṣe, màmá Júù kan tó ti lé ní ẹni 90 ọdún ni mò ń tọ́jú. Ní Gúúdù Fúráídè tó kọjá mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ tètè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ni wọ́n bá dákẹ́ lọ títí. Wọ́n wá ní nígbà táwọn wà lọ́mọdé ní Poland, tó bá ti di ọjọ́ yẹn, ìyá àwọn á ti ilẹ̀kùn, á ti fèrèsé pa, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ yọjú síta títí ilẹ̀ á fi ṣú, torí àwọn tó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Mà, ojú tì mí, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Àmọ́ mo tún ń rò ó pé, ṣé kì í ṣe pé Bíbélì sọ pé àwọn Júù ló pa Jésù lóòótọ́?*

Àbúrò mi, má jẹ́ kójú tì ẹ́ pé o ò rí nǹkan sọ, ọ̀pọ̀ bíṣọ́ọ̀bù ni ò rí nǹkan sọ sí i fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ohun tí màmá yẹn sọ kì í ṣe àsọdùn rárá. Káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù, ọ̀sẹ̀ tí àwa fi ń rántí ìjìyà Jésù ni ẹ̀rù máa ń ba àwọn Júù, torí wọ́n á wàásù àgbélébùú tán, inú àwọn èèyàn á ti gbóná, wọ́n á jáde síta, wọ́n á sì máa wá ẹni tí wọ́n máa kanra mọ́.

Ó dáa, ká wá sí Bíbélì. Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì tá à ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti Jésù? Méjì péré, Màríà Wúńdíá àti Pọ́ńtíù Pílátù. "Ó jìyà lọ́wọ́ Pọ́ńtíù Pílátù," ohun tá à ń sọ láti kékeré nìyẹn, Pílátù sì rèé, gómìnà tí Róòmù fi síbẹ̀ ni, kì í ṣe Júù. Kíkan èèyàn mọ́ àgbélébùú, ìyà tí ìjọba Róòmù fi ń jẹ ẹni tí wọ́n bá kà sí ọlọ̀tẹ̀ ni. Sójà Róòmù ló kan ìṣó mọ́ ọn lára, wọ́n sì kọ ẹ̀sùn ẹ̀ sókè orí ẹ̀ pé ọba àwọn Júù, ẹ̀sùn ọ̀rọ̀ ìjọba nìyẹn.

Àwọn olórí àlùfáà kan nínú tẹ́ńpìlì lọ́wọ́ sí i, mi ò ní fi ìyẹn pa mọ́, èrò kan sì pariwo níwájú Pílátù. Àmọ́ èrò mélòó ni iwájú ilé gómìnà lè gbà? Nígbà yẹn àwọn Júù ti wà ní Íjíbítì, ní Bábílónì, ní Róòmù fúnra ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni ò gbọ́ orúkọ Jésù rí títí wọ́n fi kú. Àwọn wo sì ló ń sunkún tẹ̀ lé e lójú ọ̀nà? Ṣí Lúùkù 23 ẹsẹ 27, èèyàn rẹpẹtẹ ló wà níbẹ̀, àtàwọn obìnrin tó ń pohùn réré ẹkún, Júù ni wọ́n. Ìyá ẹ̀ tó dúró nídìí àgbélébùú, Júù ni. Jósẹ́fù ará Arimatíà tó yọ̀ǹda ibojì, Júù ni. Báwo la ṣe wá mú àwọn tó pariwo tá a fi sọ gbogbo ìran kan lórúkọ, tá a wá gbàgbé àwọn tó sunkún?

Mo mọ ẹsẹ tí wọ́n máa fà yọ fún ẹ, Mátíù 27 ẹsẹ 25, "kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lórí wa àti lórí àwọn ọmọ wa." Ẹsẹ yẹn ti jẹ́ kí wọ́n ta ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ sílẹ̀. Àmọ́ Ìsíkíẹ́lì orí 18 ti bá wa parí ọ̀rọ̀ pé bàbá jẹ èso àjàrà kíkan kí eyín ọmọ wá kan, Jésù fúnra ẹ̀ sì ní "Baba, dárí jì wọ́n." Àdúrà ẹ̀ àti ariwo èrò, èwo ló yẹ kí àwa tá à ń jẹ́ orúkọ mọ́ ọn tẹ̀ lé?

Ní 1190, ní ìlú York ní England tó o wà yẹn, Júù bíi 150 sá sínú ilé ìṣọ́ ọba, èrò wá ká wọn mọ́bẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn pa ara wọn àti ìdílé wọn kí wọ́n má bàa bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó wà níta, àwọn tó sì jáde pé àwọn á ṣe ìrìbọmi, wọ́n pa wọ́n ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n lọ sun ìwé gbèsè tí wọ́n tọ́jú sínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà, káwọn tó yáwó lọ́wọ́ Júù má bàa san án mọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ nìkan kọ́ ló wà nídìí ẹ̀.

Tó o bá padà sọ́dọ̀ màmá, má ṣe wàásù, má sì ṣàlàyé pé ṣọ́ọ̀ṣì tìrẹ kọ́ ló ṣe é. Jókòó tì wọ́n, kó o bi wọ́n pé kí lorúkọ ìyá wọn tó ń ti ilẹ̀kùn yẹn.

*Mo kí yín o, ìyá wa. Mo ti lé ní ẹni 80 ọdún, Kátólíìkì ni mí ní Ìbàdàn, mo jẹ́ katikísì fún ọdún tó pọ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré tí wọ́n fi ń ka àdúrà Gúúdù Fúráídè ní Látìn, a máa ń kúnlẹ̀ fún gbogbo ẹ̀, àfi ti àwọn Júù. Nígbà tó yá wọ́n ní ká máa kúnlẹ̀ fún ti Júù náà, ọ̀rọ̀ inú àdúrà yẹn náà sì yí padà. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún wa. Kí ló fa ìyípadà yẹn?*

Ẹ kú àgbà sà, ẹ mà ṣeun tẹ́ ẹ rántí ìyẹn, torí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Kátólíìkì òde òní ò mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ rí. Ní 1955 ni wọ́n dá ìkúnlẹ̀ yẹn padà, nígbà tó di 1959 Póòpù John Kẹtàlélógún ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ Látìn tó ń pe àwọn Júù ní aláìṣòótọ́ kúrò nínú àdúrà náà. Àmọ́ ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún yín gan-an kì í ṣe Póòpù, kì í tiẹ̀ ṣe Kìrìsìtẹ́nì.

Jules Isaac lorúkọ ẹ̀, Júù ará Faransé, tíṣà ìtàn, ìwé ìtàn tó bá wọn kọ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé Faransé ń lò, ó sì dé ipò ọ̀gá àwọn inspẹ́kítọ̀ ẹ̀kọ́ nílẹ̀ náà. Nígbà tí ìjọba tó ń bá Hitler ṣe gorí àlééfà ní 1940, wọ́n lé e níṣẹ́ torí pé Júù ni. Ní oṣù kẹwàá 1943 àwọn ará Jámánì wá mú ìyàwó ẹ̀, ọmọ ẹ̀ obìnrin àti ọkọ ọmọ náà, òun ò sí nítòsí lásìkò yẹn. Wọ́n kó ìyàwó àti ọmọ ẹ̀ lọ sí Auschwitz, àgọ́ tí ìjọba Hitler ti ń pa Júù, wọn ò padà wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ọkùnrin tó ti lé ní 65 ọdún, tó ń sá kiri, tó ń fara pa mọ́, tí ò níyàwó mọ́. Ohun tó ń ṣe níbi tó sá pa mọ́ sí ni pé ó ń ka àwọn ìwé Ìhìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ń fi wọ́n wé ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ nínú katikísìmù, ó sì ń bi ara ẹ̀ pé báwo ni ilẹ̀ tó ti gba Jésù gbọ́ láti ọjọ́ tó pẹ́ báyìí ṣe lè pa Júù bíi mílíọ̀nù 6, tí ọ̀pọ̀ àwọn aládùúgbò wọn sì ń wò.

Ibi tó já sí ni pé Hitler ò jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì rere kankan, àmọ́ ilẹ̀ tó gbin ìkà ẹ̀ sí, àwọn míì ti kọ ebè síbẹ̀ dè é. Ọmọdé tó ti ń gbọ́ láti ọdún márùn-ún pé Júù ló pa Ọlọ́run, pé Ọlọ́run ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀, pé ìyà tó ń jẹ wọ́n tọ́ sí wọn, tó bá dàgbà tí wọ́n wá ń kó aládùúgbò ẹ̀ lọ, kò ní yà á lẹ́nu. Isaac pe irú ẹ̀kọ́ yẹn ní ẹ̀kọ́ ìkẹ́gàn. Ó ní kì í ṣe inú Ìhìn Rere ló ti wá, àwọn olùkọ́ ló kó o wọ̀ ọ́, olùkọ́ sì lè yọ ọ́.

Ẹ wò ó, èmi tíṣà ni mí, ibí yìí ló ti gbá mi lọ́kàn mú. Bàbá yìí ò béèrè pé kí wọ́n sanwó fóun, kò ní kí wọ́n fi ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n, ohun tó ní kí wọ́n tún ṣe ni lẹ́sìnnì!

Ní 1947 òun àtàwọn Júù, Kátólíìkì àti Pùrótẹ́sítáǹtì kan pàdé ní abúlé Seelisberg ní Switzerland, wọ́n gbé kókó mẹ́wàá jáde fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, pé kí wọ́n rántí pé Ọlọ́run kan náà ló ń sọ̀rọ̀ nínú Májẹ̀mú Láéláé àti Tuntun, pé Júù ni ìyá Jésù, Júù ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ àkọ́kọ́, pé kí wọ́n má ṣe sọ ìtàn ìjìyà ẹ̀ bí ẹni pé gbogbo Júù ló jẹ̀bi. Ọdún kọjá lórí ẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà 1960, Isaac, tó ti di ẹni ọdún 82, wọlé tọ Póòpù John lọ ní Fátíkàn, ó gbé ìwé tó kó àwọn ẹ̀rí ẹ̀ jọ sí fún un, ó ní kí wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan tó máa wo ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó fẹ́ jáde ó béèrè bóyá òun lè ní ìrètí díẹ̀, Póòpù sì dá a lóhùn pé ohun tó tọ́ sí i ju ìrètí lọ. Póòpù yìí náà ti rí nǹkan fúnra ẹ̀, nígbà ogun ó wà ní Istanbul gẹ́gẹ́ bí aṣojú Fátíkàn, ó sì ran àwọn Júù tó ń sá àsálà lọ́wọ́. Nígbà tí ikọ̀ Júù kan láti Amẹ́ríkà wá kí i lọ́dún 1960 yẹn kan náà, ohun tó kí wọn ni ọ̀rọ̀ inú Jẹ́nẹ́sísì, "Èmi ni Jósẹ́fù, arákùnrin yín."

Kádínà Augustin Bea, ọmọ Jámánì, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, pé kó bójú tó ìwé tí ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ní Fátíkàn máa dìbò lé, kò sì rọrùn fún un rárá. Àwọn kan nínú àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀kọ́ àtayébáyé ni, kò gbọ́dọ̀ yí, àwọn tó wá láti ilẹ̀ Lárúbáwá ní àwọn èèyàn àwọn á kà á sí pé Fátíkàn ń gbè sẹ́yìn Ísírẹ́lì, àwọn á sì jìyà ẹ̀. Ìgbà kan tiẹ̀ wà tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà pé ṣọ́ọ̀ṣì ń retí kí àwọn Júù wá di Kìrìsìtẹ́nì. Rábì Abraham Joshua Heschel láti New York, tí àwọn Nazi, ìyẹn ẹgbẹ́ Hitler, pa ìyá ẹ̀ àtàwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, sọ pé tó bá di pé kóun yan bóyá kóun yí ẹ̀sìn padà tàbí kóun kú, òun ṣe tán láti lọ sí Auschwitz nígbàkígbà. Ó lọ bá Póòpù Paul Kẹfà ní 1964. Wọ́n yọ gbólóhùn yẹn.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá 1965 àwọn bíṣọ́ọ̀bù dìbò, àwọn 2,221 ní bẹ́ẹ̀ ni, 88 ní rárá. Ìwé náà ni wọ́n ń pè ní Nostra Aetate. Ó ní ìyà tí wọ́n fi jẹ Kírísítì, kò ṣeé dì ru gbogbo Júù tó wà láyé nígbà yẹn láìyàtọ̀, kò sì ṣeé dì ru Júù òde òní, ó ní kẹ́nikẹ́ni má ṣe kọ́ni pé Ọlọ́run ti kọ̀ wọ́n tàbí fi wọ́n gégùn-ún. Isaac àti Póòpù John ò rí ọjọ́ yẹn, 1963 ni àwọn méjèèjì kú.

Sà, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin 1986, Póòpù John Paul Kejì rìn wọ sínágọ́gù ńlá ti Róòmù, Rábì Elio Toaff gbà á mọ́ra, Póòpù sì pe àwọn Júù ní ẹ̀gbọ́n wa. Ọ̀rọ̀ méjì ló fi sọ ọ́ ní èdè ìtálì, arákùnrin àgbà, àwa Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tó gbé e dáadáa, ẹ sì mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n jẹ́ nínú ilé wa, èèyàn kì í jókòó kó máa fọwọ́ júwe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ níta. Benedict tó wá lẹ́yìn ẹ̀ tiẹ̀ ní "bàbá wa nínú ìgbàgbọ́" lòun fẹ́ràn jù. Nígbà tí John Paul kú tí wọ́n ka ìwé ìhágún ẹ̀, ó dárúkọ rábì Róòmù níbẹ̀.

*Áńgílíkà ni mí ní Abẹ́òkúta. Mo gbọ́ pé ní 2022 ṣọ́ọ̀ṣì wa ní England tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn Júù fún ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1222. Ọ̀rìnlélẹ́gbẹ̀rin ọdún kọ́, ẹgbẹ̀rin ọdún gééré! Póòpù ló ni England nígbà yẹn, kò tíì sí Áńgílíkà. Ẹni tó ṣẹ̀ ti kú, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ti kú. Kí ni wọ́n ń tọrọ?*

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ, ọ̀pọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ ní England náà. Ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún 2022 ni, nínú ṣọ́ọ̀ṣì kàtídírà Christ Church ní Oxford. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó wáyé ní Oxford ní 1222 ló pàṣẹ pé kí àwọn Júù máa fi àmì sára aṣọ kí gbogbo èèyàn lè dá wọn mọ̀, wọn ò sì gbọ́dọ̀ kọ́ sínágọ́gù tuntun. Àwọn òfin tó le sí i tẹ̀ lé ìyẹn, nígbà tó sì di 1290 Ọba Edward Kìíní lé gbogbo wọn kúrò nílùú, wọn ò sì gbà wọ́n padà ní gbangba títí di 1656. Ẹni tó ṣe alága ìpàdé 1222 yẹn ni Ááṣíbíṣọ́ọ̀bù Stephen Langton, òun náà sì ni wọ́n ní ó pín Bíbélì sí orí-orí bó ṣe wà lọ́wọ́ wa lónìí, tó o bá ní "ẹ ṣí Róòmù orí 11," iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ lò ń lò.

Ìdáhùn mi nìyẹn gan-an. Àwọn kàtídírà ìgbà yẹn, ta ló ń lò wọ́n báyìí? Oyè Ááṣíbíṣọ́ọ̀bù Canterbury tí Langton jẹ, ta ló ń jẹ ẹ́? Nílé wa, tí bàbá bá kú tó fi ilé àti gbèsè sílẹ̀, ọmọ ò lè wọ inú ilé kó wá ní òun ò mọ olówó tó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ṣọ́ọ̀ṣì England jogún ilé, ó jogún gbèsè.

Ó tún ní nǹkan míì. Ní ìlú Lincoln ní 1255 wọ́n bá òkú ọmọkùnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Hugh nínú kànga, wọ́n ní Júù ló pa á fi ṣètùtù, irọ́ burúkú ni, Júù 19 ni wọ́n sì pa lórí ẹ̀. Wọ́n sin ọmọ náà sí kàtídírà bí ẹni mímọ́, àwọn èèyàn ń lọ gbàdúrà níbẹ̀. Lónìí tó o bá dé ibẹ̀ wàá rí àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi síbẹ̀ pé irọ́ ni ìtàn yẹn. Kò sẹ́ni tí àkọsílẹ̀ yẹn lè jí dìde, àmọ́ ọmọ ilé ìwé tí wọ́n bá kó wá síbẹ̀ ò ní gbé irọ́ yẹn lọ sílé mọ́.

*Mummy, ẹ kú déédéé ìwòyí. Nánì ni mí ní New Jersey, ọmọ ìdílé Júù kan mẹ́ta ni mò ń tọ́jú, wọ́n ń ṣe mí dáadáa gan-an. Mo ti ń kọ́ àbíkẹ́yìn ní "lórúkọ Jésù, àmín" láìjẹ́ kí òbí ẹ̀ mọ̀. Sister kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n kúkú fomi ṣe àmì sí i lórí tó bá ń sùn, pé ẹ̀mí ẹ̀ ni mò ń gbà là. Ọkàn mi ò balẹ̀.*

Ọmọ mi, má ṣe é, kó o sì dáwọ́ èyí tó ò ń ṣe dúró lónìí. Ọkàn rẹ tí ò balẹ̀ yẹn, Ọlọ́run ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀.

Jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún ẹ. Ní ìlú Bologna ní Ítálì, lábẹ́ ìjọba Póòpù nígbà náà, ìdílé Júù kan wà tí wọ́n ń jẹ́ Mortara. Ọmọ wọn Edgardo ń ṣàìsàn nígbà tó wà ní ìkókó, ọmọbìnrin Kátólíìkì tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé, Anna Morisi, rò pé ó máa kú, ló bá wọ́n omi sí i lórí, ó ṣèrìbọmi fún un ní bòókẹ́lẹ́, bí wọ́n ṣe ní kíwọ náà ṣe yìí. Ọmọ ò kú. Ọ̀rọ̀ jáde lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Òfin ìgbà yẹn ni pé ọmọ tó bá ti ṣèrìbọmi ò gbọ́dọ̀ dàgbà lọ́wọ́ Júù, ni ọlọ́pàá bá dé lálẹ́ ọjọ́ 23 oṣù kẹfà 1858, wọ́n sì gba ọmọ ọdún mẹ́fà lọ́wọ́ bàbá àti ìyá ẹ̀. Ayé pariwo, àwọn ọba bẹ Póòpù Pius Kẹsàn-án, ó kọ̀. Wọ́n fi ọmọ náà ṣe fáadà, 1940 ló kú ní Belgium, kò padà sílé gbé mọ́ láé. Ìtàn yẹn ni àwọn Júù máa ń rántí tí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ ọ̀dọ̀ ń bá ọmọ wọn gbàdúrà ní kọ́lọ́fín. Ọmọ tí wọ́n fà lé ẹ lọ́wọ́, nǹkan ìfọkàntán ni, olè jíjà ni téèyàn bá gbé ohun tí wọ́n fi sí i níkàáwọ́, ì báà jẹ́ pé ọ̀run lo fẹ́ gbé e lọ.

Bóyá ó yẹ ká máa wàásù fún Júù tàbí kò yẹ, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ò tíì fẹnu kò lórí ẹ̀. Ní 1996 àwọn Southern Baptist ní Amẹ́ríkà pinnu ní gbangba pé àwọn á tẹra mọ́ ọn. Fátíkàn ní tiẹ̀ sọ ní oṣù kejìlá 2015 pé òun ò ní ẹgbẹ́ ajíhìnrere kankan tó dá lórí Júù, òun ò sì ṣètìlẹ́yìn fún un, àmọ́ kí Kìrìsìtẹ́nì máa jẹ́rìí ìgbàgbọ́ ẹ̀ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Nígbà tí Áńgílíkà England kọ ìwé tiwọn ní 2019, Rábì àgbà àwọn Júù ibẹ̀, Ephraim Mirvis, kọ ọ̀rọ̀ ìparí sí i, ó yìn ín, ó sì sọ láìfi bò pé ó dun òun pé wọn ò kọ ìwàásù sí Júù sílẹ̀ pátápátá. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe tẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀ sínú ìwé wọn láìgé e, ìjíròrò nìyẹn, ká jọ jókòó kí ẹnì kejì sọ ibi tó ń dun òun.

Èmi gbà pé Jésù ni Olúwa, mi ò ní fi pa mọ́ fún Júù tó bá bi mí. Àmọ́ Pọ́ọ̀lù ní Róòmù 11 sọ fún àwa tí wọ́n lọ́ mọ́ igi ólífì pé ká má ṣe fọ́nnu sí àwọn ẹ̀ka, torí àwa kọ́ là ń gbé gbòǹgbò, gbòǹgbò ló ń gbé wa. Ó tún ní Ọlọ́run kì í kábàámọ̀ ẹ̀bùn àti ìpè ẹ̀. Mo fi ìyókù sílẹ̀ fún Ọlọ́run tó bá wọn dá májẹ̀mú kí wọ́n tó bí wa.

*Mà, ṣé ìlàjà tí ẹ ń sọ yìí wá túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tí ìjọba Ísírẹ́lì bá ṣe ní Gásà la máa sọ pé ó dáa?*

Rárá o. Rábì àti fáadà tó ń jọ ka ìwé Sáàmù kì í ṣe ìjọba. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì Palẹ́sìtínì wà ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù títí dòní, ará wa nínú Kírísítì ni wọ́n, ìyà tó ń jẹ wọ́n kàn wá. Fátíkàn fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú Ísírẹ́lì ní 1993, ó fọwọ́ sí ti Palẹ́sìtínì náà ní 2015. Ohun tí mò ń sọ ni pé inú tó ń bí ẹ sí ìjọba kan, má lọ gbé e ka orí Júù tó jókòó jẹ́jẹ́ nínú sínágọ́gù. Àwọn 11 tí wọ́n yìnbọn pa nínú sínágọ́gù kan ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹwàá 2018, àdúrà òwúrọ̀ Sábáàtì ni wọ́n wá ṣe, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ arúgbó.

*Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun mà. Èmi ni mò ń darí eré Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òṣogbo, àwọn ọ̀dọ́ ló máa ṣe é. Lẹ́yìn tí mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ lóṣù tó kọjá, mo wo ìwé eré tá à ń lò, ẹ̀rù bà mí. Kí ni kí n ṣe sí i?*

Àbúrò, lẹ́tà rẹ yìí ni mo fi gbẹ̀yìn torí èmi náà ti ṣe é rí. Mo darí eré Àjíǹde fún ọ̀pọ̀ ọdún. Aṣọ funfun ni mo ń wọ̀ fún Jésù àti Pétérù àti Màríà, aṣọ dúdú ni mo ń wọ̀ fún àwọn tí mo pè ní "àwọn Júù", bí ẹni pé Pétérù wá láti ibòmíì. Lọ́dún kan ọmọkùnrin tó ṣe Káyáfà ṣe é dáadáa débi pé nígbà tí wọ́n padà sílé ìwé, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń pè é ní "Júù apànìyàn", ọmọ náà sunkún wá bá mi, mo sì rẹ́rìn-ín, mo ní kó fi sílẹ̀, eré ni. Èmi tíṣà ni mo kọ́ wọn lọ́rọ̀ yẹn. Nígbà tí mo wá ka ìtàn Isaac lẹ́yìn ọdún tó pọ̀, ojú ọmọ yẹn ló padà wá bá mi, n kò sì lè sùn.

Ìwọ nìkan kọ́. Abúlé kan wà ní gúúsù Jámánì tó ń jẹ́ Oberammergau. Ní 1633 àjàkálẹ̀ àrùn ń pa wọ́n, wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé tí Ọlọ́run bá dá wọn sí, àwọn á máa fi eré ṣe ìjìyà Jésù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1634, ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n ń ṣe é títí dòní, gbogbo abúlé ló ń kópa. Eré yẹn burú sí àwọn Júù débi pé Hitler wá wò ó ní 1934, ó sì yìn ín lẹ́yìn náà. Lẹ́yìn ogun Hitler, àwọn Júù ní kí wọ́n tún un ṣe, àwọn àgbà abúlé kọ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní bí àwọn bàbá àwọn ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn. Christian Stückl, ọmọ abúlé náà, ló gba ìdarí ẹ̀ fún eré 1990, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Ó yọ igbe "kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lórí wa" kúrò. Ó jẹ́ kí wọ́n máa pe Jésù ní Rábì. Nínú ìgbìmọ̀ àwọn àlùfáà, àwọn kan gbèjà Jésù, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn, torí Nikodémù wà níbẹ̀. Ó ń kó àwọn òṣèré lọ sí Ísírẹ́lì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Nínú eré tuntun Jésù gbé ìwé Òfin sókè, gbogbo èrò orí ìtàgé sì kọ "Gbọ́, Ísírẹ́lì" ní èdè Hébérù pa pọ̀.

Nítorí náà, ohun tí wàá ṣe rèé. Níbi tí ìwé eré rẹ bá ti kọ "àwọn Júù", kọ "èrò kan" tàbí "àwọn olórí àlùfáà" síbẹ̀, bí Mátíù fúnra ẹ̀ ṣe sọ ọ́ níbi púpọ̀. Irú aṣọ kan náà ni kó o wọ̀ fún gbogbo wọn, àfi sójà Róòmù àti Pílátù. Jẹ́ kí àwọn obìnrin Lúùkù 23 pọ̀ lójú ọ̀nà àgbélébùú, kí wọ́n pọ̀ ju àwọn tó ń pariwo lọ. Kí ẹni tó máa ṣe Jésù kọ́ Diutarónómì 6 ẹsẹ 4, ìyẹn "Gbọ́, Ísírẹ́lì" yẹn, sórí, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó mú un nínú ọgbà. Ọmọ tó bá máa ṣe Káyáfà, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó o sọ ìtàn yìí fún un kí àwọn yòókù tó gbọ́ ọ.

Kó o sì fi ìwé eré náà ránṣẹ́ sí mi lọ́dọ̀ àwọn oníwèé ìròyìn wa yìí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò. Màá kà á lálẹ́ ọjọ́ tó bá dé, ìwọ yóò rí i gbà padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan.